Láti Àjàṣẹ́ sí Kétu àti Ṣábẹ nínú ọkọ̀ àgbà: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá àti ìdáhùn wọn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ tó ti gbó, tó sì fẹ́ fi í gbéra láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀) lọ kí ọ̀rẹ́ ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ. Ọkọ̀ tó ń lo kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) ni a ní lọ́kàn: Peugeot 504 àti 505, Renault 12, Toyota Corolla àti Carina ayé àtijọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà nínú á rí ohun tó wúlò níbí, àmọ́ ohun tí a sọ nípa iná àti epo kò ní bá tirẹ̀ mu délẹ̀.

Ṣé ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lè dé Ṣábẹ kó sì padà wálé?

Ó lè dé ibẹ̀. Iye ọdún ọkọ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ọdún 1968 ni Peugeot 504 jáde, ọkọ̀ yìí ló sì gbé èrò ká ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹrù ga lórí rẹ̀ tí èrò sì fún mọ́ra nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń dá ọkọ̀ àgbà dúró lọ́nà: ooru, rọ́bà tó ti gan, àti ìdọ̀tí inú epo. Ilé ni a ti ń tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀nà.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ onímọ́tò jẹ ni pé ọkọ̀ wọn ń ṣe dáadáa nínú ìlú. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ọjà Ouando lójoojúmọ́ kì í ṣiṣẹ́ ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí wọ́n tó pa á. Rédíétọ̀ tí ìdajì rẹ̀ ti dí kò ní mú yín fura nínú ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yìn Sakété ló máa tó sọ̀rọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti sá eré fún wákàtí kan gbáko.

Torí náà, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sí Pobẹ̀ kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ á tó 120 kìlómítà. Ẹ wọn omi àti ọ́ìlì kí ẹ tó jáde, kí ẹ tún wọ̀n wọ́n ní ọjọ́ kejì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Ohun tó bá dín kù nínú wọn ni iṣẹ́ tí mẹkáníìkì yín máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ má gba iṣẹ́ ńlá ní ọjọ́ tó ku ọ̀la. Apá tuntun tí wọn ò tíì fi rìn jìnnà lè ṣe ju apá àtijọ́ lọ ní bíbàjẹ́.

Ọ̀nà wo ló dára jù?

Fún Kétu, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ènìyàn ń gbà: Àjàṣẹ́, Sakété, Pobẹ̀, Kétu, nǹkan bí 110 kìlómítà. Ọlọ́dà ni. Ibi tí ẹ ti máa ṣọ́ra jù ni láàárín Pobẹ̀ àti Onigbolo, níbi tí ọ̀nà ti gba ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí kọjá. Amọ̀ ni ilẹ̀ yẹn. Ó ń wú nígbà òjò, ó ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dà tí wọ́n bá tẹ́ lé e lórí á sì máa gbé sókè sódò. Bí ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ yín bá ti kú, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tún wà ní Onigbolo, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá sì ń wọlé wọ́n ń jáde níbẹ̀. Ẹ má sáré tẹ̀ lé wọn nínú eruku.

Fún Ṣábẹ, ọ̀nà ọlọ́dà méjì ló wà. Ẹ lè gba Kútọnu, Allada, Bohicon, Ìdáàṣà, Glazoué títí ẹ ó fi sọdá Odò Wémè wọ Ṣábẹ. Ẹ sì lè gba Kétu lọ sí Bohicon, kí ẹ wá bọ́ sí ọ̀nà kan náà. Kò sí èyí tí kò sún mọ́ 300 kìlómítà. Ti Kétu ni a fara mọ́ fún ọkọ̀ àgbà, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọnu àti Calavi. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò fẹ́ kí a máa dúró nínú oòrùn, ká sún díẹ̀, ká tún dúró. Ọ̀nà Kétu tún fún yín láàyè láti sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì jí rin ìyókù.

Ọ̀nà tààrà kan wà láti Kétu tó gba Ìdígní lọ sí Ṣábẹ. Lórí àwòrán ilẹ̀, ó kúrú ju ti Bohicon lọ dáadáa. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀nà ọkọ̀ àgbà tó kún fún èrò, pàápàá nígbà òjò. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ lè pẹ́ kí ẹ tó rí ẹni tó ní apá tí ẹ ń wá.

Ìgbà wo nínú ọdún?

Oṣù kọkànlá tó ń parí lọ títí di oṣù kìíní ló dára jù. Òjò ti lọ, oòrùn kò sì tíì le. Ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá nígbà náà, torí náà ẹ gbọn fílítà afẹ́fẹ́ kí ẹ tó lọ àti kí ẹ tó padà. Oṣù kejì sí oṣù kẹrin ló ń dán rédíétọ̀ wò, nítorí apá Ṣábẹ gbóná ju Àjàṣẹ́ lọ lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ìgbà yẹn ló bọ́ sí, aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ gbéra.

Kí ni ká sọ fún mẹkáníìkì pé kó wò?

Ẹ má sọ fún un pé “bá mi wo ọkọ̀ yìí”. Gbólóhùn yẹn kò ní ìparí, iṣẹ́ tó bá jáde nínú rẹ̀ náà kì í ní. Ẹ sọ nǹkan kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í.

Omi ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó tú omi rédíétọ̀ dànù. Bí omi náà bá pọ́n bí ilẹ̀, kó fọ inú ẹ́ńjìnnì títí èyí tó ń jáde yóò fi mọ́. Kó tẹ àwọn họ́ọ̀sì omi pẹ̀lú ọwọ́, ti òkè, ti ìsàlẹ̀, àti àwọn kéékèèké tó lọ sí híítà. Họ́ọ̀sì tó dára máa ń rọ̀ díẹ̀, á sì padà sí ipò rẹ̀. Èyí tó le gbagidi, tó ń dún kíkẹ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tó wú lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti dè é, kó pààrọ̀ rẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ náà ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń kà á sí lọ. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gé, omi kò ní lè gba agbára mọ́ra, á sì hó kó tó yẹ kó hó.

Bẹ́líìtì fáànù: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó gùn jù lára rẹ̀. Bó bá wọlé ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1, ó dára. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní lè yí páńpù omi dáadáa, kò sì ní gba iná sí bátìrì. Ẹ yí i padà kí ẹ wo inú rẹ̀, nítorí inú ló ti ń là.

Iná: ẹ nu orí bátìrì. Omi gbígbóná ló ń fọ funfun tó máa ń hù síbẹ̀ kúrò. Bí mẹkáníìkì bá ní mítà, bátìrì tó sinmi yẹ kó fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bó bá lé ní 15, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso iná ti bàjẹ́, á sì sè bátìrì gbẹ kí ẹ tó dé Ìdáàṣà.

Púlọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì inú dísíríbútọ̀: àlàfo kọ́ńtáàtì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 0.4, ti púlọ́ọ̀gì nǹkan bí 0.6 sí 0.7. Ìwé ọkọ̀ yín ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí kọ́ńtáàtì bá ti jó, tí ojú rẹ̀ ṣe gbágungbàgun, ẹ ra tuntun pẹ̀lú kọ́ńdẹ́ńsà rẹ̀. Kọ́ńdẹ́ńsà tó ti kú ló máa ń jó kọ́ńtáàtì bẹ́ẹ̀.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: 20W-50 ni ó bá ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mu nínú ooru wa. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà rẹ̀. Kí wọ́n tún wo ọ́ìlì jíà àti ti ìdí ọkọ̀, ìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí títí ariwo á fi bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn.

Bíréèkì mi ń mú. Ṣé ó tún yẹ kí n fọwọ́ kàn án?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá ti ju ọdún méjì lọ tí ẹ pààrọ̀ epo rẹ̀. Epo bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí bíréèkì bá gbóná, omi yẹn á di oru nínú páìpù, ẹsẹ̀ yín á sì wọlé bí ẹni tẹ kànìnkànìn. Ẹ ní kí wọ́n tú ti àtijọ́ dànù láti àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó jìnnà jù sí páńpù bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má gbéra.

Táyà mi ṣì ní eyín. Ṣé kò tó?

Kò tó. Ọ̀pọ̀ táyà tí à ń rà jẹ́ àlòkù láti òkè òkun, eyín rẹ̀ sì lè ga nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ti kú. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí ó bá jẹ́ 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti ju ọdún mẹ́fà lọ, ẹ wò ó fínnífínní. Èyí tó ti pé mẹ́wàá, ẹ má fi rìn jìnnà, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò: bí ìlà tín-ín-rín bá yọ káàkiri, rọ́bà ti gbẹ nìyẹn.

Àárọ̀ tí táyà tutù ni kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń gba nǹkan bí báà 2. Bí ẹ bá kó èrò àti ẹrù, ẹ fi 0.3 sí 0.4 kún ti ẹ̀yìn. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń gbóná, títí yóò fi là. Ohun tó fa èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tó ń bẹ́ lójú ọ̀nà nìyí, àmọ́ ọ̀nà ni àwọn ènìyàn máa ń bú. Ẹ wo táyà àfipamọ́ náà, kí ẹ sì rí i dájú pé jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè tẹrù-tẹrù.

Ṣé a lè ra kpayo, ẹsáǹsì inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà?

Ẹ kún táńkì ní ilé epo ní Àjàṣẹ́ kí ẹ tó jáde. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2 máa ń mu ẹsáǹsì lítà 10 sí 12 fún 100 kìlómítà. Àlọ sí Ṣábẹ á gba lítà 30 sí 38. Táńkì ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ju 50 lọ, torí náà kò sídìí tí ẹ ó fi ra ti inú ìgò lójú àlọ. Ẹ tún un kún ní ilé epo ní Bohicon tàbí Ìdáàṣà fún àbọ̀.

Ohun tó mú wa sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹsáǹsì inú ìgò ti gba inú dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ̀gì àti ìgò kọjá kó tó dé ọwọ́ yín, omi àti ìyanrìn sì ń wọlé níbi kọ̀ọ̀kan. Kábúrétọ̀ ní ihò tó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Ẹ̀kán omi kan péré níbẹ̀, ọkọ̀ á máa fà, á máa já. Bí ọ̀ràn bá wá di dandan, ẹ gbé ìgò náà sókè sójú oòrùn, kí ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi máa ń lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó pín wọn. Ẹ sẹ́ ẹ gba inú aṣọ tó mọ́, kí ẹ sì fi ìsàlẹ̀ ìgò sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n fi fílítà kékeré tó mọ́ gaara sí ojú páìpù epo, kí ẹ lè máa rí inú rẹ̀. Ẹ ra méjì kún un. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì ẹsáǹsì sínú ọkọ̀ tí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Irin iṣẹ́ àti apá wo ni ká gbé dání?

Bẹ́líìtì fáànù kan tí ẹ ti wọ̀n wò lára ọkọ̀ náà, kì í ṣe èyí tí oníṣọ́ọ̀bù sọ pé “ó máa bá a mu”. Họ́ọ̀sì omi òkè àti ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú irin ìdè wọn. Kọ́ńtáàtì, kọ́ńdẹ́ńsà, kọ́ìlì kan, púlọ́ọ̀gì méjì. Fílítà epo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Fíúùsì oríṣiríṣi, gílóòbù iná iwájú kan. Ọ́ìlì lítà 2, epo bíréèkì ìgò kékeré kan. Omi mímọ́ lítà 10 fún ọkọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn máa mu. Sípánà láti 8 dé 19, púláyà, sukudiráífà oríṣi méjì, wáyà iná mítà 2, okùn irin tín-ín-rín, téèpù, tọ́ọ̀ṣì tó ṣeé dè mọ́ orí, àkísà mélòó kan, àti pákó fífẹ̀ kan láti gbé jáàkì lé nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Bí ẹ kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ gbé wọn. Ẹ ó rí ẹni tó mọ iṣẹ́ ní abúlé èyíkéyìí. Apá tó bá ọkọ̀ yín mu ni kò ní sí níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ooru ń gun òkè. Kí ni ká ṣe?

Ẹ má dúró kó dé pupa. Tó bá ti kọjá ibi tó máa ń wà, ẹ dín eré kù, ẹ ṣí híítà sí gbígbóná pátápátá, kí ẹ sì ṣí gbogbo fèrèsé. Ara á ni èrò, àmọ́ omi ẹ́ńjìnnì á gba inú híítà kọjá, á sì tú ooru díẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ níbí ni wọ́n ti já họ́ọ̀sì híítà rẹ̀, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé kí ẹ tó gbójú lé e. Bí kò bá lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ wá ibòji, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó. Ìdajì wákàtí sí ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ lórí gbígbóná, omi tó ń hó á bẹ́ sí i lójú. Bó bá ti ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ fi àkísà tó nípọn bò ó, ẹ yí i dé ìdúró àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó mí tán, kí ẹ tó ṣí i pátápátá. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa da omi sí i. Omi tútù tó ya lu irin gbígbóná lójijì lè la orí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tún gbéra. Ọkọ̀ tó ń gbóná ní ìdúró, tó sì ń tutù bó bá ń sá eré, fáànù tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni. Èyí tó ń ṣe dáadáa nínú ìlú tó wá ń gbóná lójú eré, rédíétọ̀ rẹ̀ ti dí: ẹ fi ọwọ́ tọ́ ojú rédíétọ̀ wò nígbà tí ooru rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ibi tó bá tutù láàárín ibi tó gbóná, omi kò gba ibẹ̀ kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá wà lókè tí họ́ọ̀sì òkè sì tutù, tẹ́mósítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bó bá gbóná) ló kọ̀ tí kò ṣí. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò, kí ẹ dá ìdérí rẹ̀ padà, kí ẹ sì máa lọ. Nínú ooru wa, ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi délé, àmọ́ ẹ fi tuntun sí i nígbà tí ẹ bá dé.

Èyí tó burú ni kí omi máa lọ láìsí ibi tó ti ń jò. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó tutù, ẹ jí ẹ́ńjìnnì. Bí ìfóòfó bá ń gun òkè láìdẹ́kun, tàbí tí ọ́ìlì lórí ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ ti funfun bí wàrà, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Ìrìn àjò parí níbẹ̀. Ẹ wá ọkọ̀ tó máa fà yín. Owó fífà kéré sí owó ẹ́ńjìnnì.

Àwọn kan máa ń da ẹyin sínú rédíétọ̀ tó ń jò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ohun tó dí ihò kan á dí ogójì mìíràn tí ẹ kò fẹ́ kó dí.

Họ́ọ̀sì omi bẹ́, a kò sì ní òmíràn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀bá ìdè ló ti là, ẹ gé ibi tó là kúrò kí ẹ fa ìyókù wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ àárín, ẹ nu ún gbẹ, ẹ fi téèpù wé e le koko ní ìpele púpọ̀, kí ẹ fi okùn irin dè é lórí. Ẹ wá dé rédíétọ̀ láìyí ìdérí rẹ̀ dópin, kí agbára má baà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rìn ní 40 sí 50, ẹ sì máa dúró wo omi.

Ọkọ̀ kú lójijì nínú oòrùn, ó kọ̀ kò jí, lẹ́yìn ìdajì wákàtí ó jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Kí ló dé?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù nìyí. Ohun mẹ́ta ló lè jẹ́: epo hó nínú páìpù, kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ń kú bó bá gbóná, tàbí ihò atẹ́gùn ìdérí táńkì ti dí. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣì gbóná ni kí ẹ wá a, nítorí bó bá ti tutù, ẹ̀rí ti lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táńkì. Bó bá mí ṣíísì gígùn, tí ọkọ̀ sì jí lẹ́yìn náà, ẹ ti rí i. Bí epo ṣe ń dín kù, atẹ́gùn kò rí ọ̀nà wọlé dípò rẹ̀, páńpù kò sì lè fà á mọ́. Ẹ nu ihò náà.

Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí fílítà afẹ́fẹ́ kúrò, ẹ wo ọ̀fun kábúrétọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fa irin tó so mọ́ ẹsẹ̀ eré. Bí epo bá tú jáde níbẹ̀ bí okùn tín-ín-rín, epo wà, iná ni kí ẹ wá. Bí kò bá sí ohun tó jáde, epo ti di oru láàárín páńpù àti kábúrétọ̀. Ẹ rẹ àkísà sínú omi, ẹ dì í mọ́ páńpù epo àti páìpù rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi àkísà tútù náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa bu omi lé e ní gbogbo ìdúró. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ wò bóyá ẹnì kan ti gbé páìpù epo sún mọ́ páìpù èéfín.

Fún iná: kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ dé kábúrétọ̀ padà, kí ẹ sì nu ẹsáǹsì tó bá ta sílẹ̀. Ẹ fa wáyà púlọ́ọ̀gì kan yọ, ẹ ki púlọ́ọ̀gì àfipamọ́ sí i, ẹ gbé irin rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì, ẹ fi àkísà gbígbẹ mú wáyà náà. Kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Iná tó dára máa ń jẹ́ aró, á sì dún tá. Bó bá pọ́n tó sì rẹ̀, tàbí tí kò sí, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, nítorí kò wọ́n, lẹ́yìn náà kọ́ìlì. Kí kọ́ìlì tí ẹ gbé dání jẹ́ irú ti ara ọkọ̀ gan-an. Àwọn kan nílò resistor (ohun tó ń dín agbára iná kù), àwọn kan kò nílò rẹ̀, èyí tí kò bá mu á jó kọ́ńtáàtì.

Èéfín ń jáde lẹ́yìn.

Aláró, ọ́ìlì ló ń jó: ẹ máa wọn ọ̀pá ọ́ìlì ní gbogbo 100 kìlómítà, ẹ lè máa lọ. Dúdú, epo ti pọ̀ jù tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ padà lọ ka ohun tí a sọ nípa gásíkẹ́ẹ̀tì.

Eré mélòó?

70 sí 80. Ní 100, ariwo, ooru àti epo á pọ̀ sí i, bí ẹ bá sì ń lọ sí Kétu, ẹ kò ní fi ju ìdajì wákàtí lọ ṣáájú ẹni tó rọra ń bọ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní gbogbo wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín àgbá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bíréèkì ló mú un tí kò tú u sílẹ̀, tàbí bérìn rẹ̀ ń kú.

Ṣé a lè rin òru?

Rárá. Ọ̀nà Ìdáàṣà sí Ṣábẹ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Parakou àti Malanville ń gbà, àwọn kan nínú wọn kì í ní iná lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ewé tútù tí wọ́n tò sójú ọ̀nà, lọ́sàn-án tàbí lóru, ọkọ̀ kan ti bàjẹ́ níwájú. Ẹ dín eré kù lójú ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ tiyín ló bàjẹ́, ẹ sún un kúrò lójú ọ̀dà pátápátá, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta jìnnà sẹ́yìn, kí gbogbo èrò sì bọ́ sílẹ̀ lọ dúró sínú koríko, kì í ṣe lẹ́yìn ọkọ̀.

Ìwé wo ni wọn yóò béèrè?

Carte grise (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀), permis (ìwé àṣẹ awakọ̀), assurance (ìwé ìbánigbófò) tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, contrôle technique (ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀), àti ẹ̀rí pé ẹ ti san TVM, ìyẹn owó orí ọkọ̀. Kí àmì onígun mẹ́ta àti ohun ìpaná wà nínú ọkọ̀. Police Républicaine á dá yín dúró níbi mélòó kan. Ẹ pa gbogbo ìwé sínú àpò kan náà. Ẹ fi owó kéékèèké sí itòsí fún péage (ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà), irú èyí tó wà ní Ekpè àti Houègbo fún ẹni tó bá gba Kútọnu. Bí ọ̀rẹ́ yín ní Kétu bá fẹ́ kí ẹ gba Ìlárá sọdá sí Nàìjíríà, assurance ilé kò tó. Carte brune CEDEAO (assurance tó bo àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS) ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ assurance yín, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ tí ọkọ̀ fi ń sọdá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Nọ́ńbà ọlọ́pàá ni 117, ti panápaná 118.

Kí ni ká sọ fún àwọn tó ń retí wa?

Ẹ má dá wákàtí kan pàtó fún wọn. Ẹ sọ pé “kí oòrùn tó wọ̀”. Awakọ̀ tó mọ̀ pé ọbẹ̀ ti wà lórí iná, tí ìyá ilé sì ti pè lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dúró fún ìṣẹ́jú 45 kí rédíétọ̀ tutù. Ẹ pè wọ́n láti Pobẹ̀ tàbí Bohicon, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ dé. Ẹ sì bi wọ́n ní orúkọ mẹkáníìkì tí wọ́n fọkàn tán kí ẹ tó kúrò nílé, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Tí ẹ bá dé Kétu, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ nílé olóore yín kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ wo Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu odi ìlú àtijọ́ tí kò yẹ kéèyàn débẹ̀ kó má rí. Ní Ṣábẹ, òkè àpáta tó yí ìlú ká ni gbogbo ènìyàn á fẹ́ mú yín lọ wò. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi lọ́jọ́ yẹn náà.

Wọ́n di iṣu àti gàrí fún wa. Ṣé ọkọ̀ lè gbé e?

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ogójì iṣu tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kílò 3 jẹ́ kílò 120, ìyẹn èrò méjì. Àpò gàrí kan tó jẹ́ kílò 50 kún un, ó ti ń di mẹ́ta. Bí èrò mẹ́rin bá ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ, ìdí rẹ̀ á wálẹ̀, iná iwájú á máa wo ojú ọ̀run, bíréèkì á sì nílò àyè tó gùn sí i. Ẹ kó iṣu sí ìsàlẹ̀ búùtù, kó sún mọ́ ẹ̀yìn àga. Ẹ má gbé e sórí ọkọ̀. A mọ̀ pé kò dára kéèyàn kọ ẹ̀bùn. Ẹ gba gbogbo rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ nínú táksí tó ń bọ̀ sí Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín ní Glazoué, ọjọ́rú ni ọjà ńlá ibẹ̀, èrò àti ọkọ̀ á sì pọ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Kí ni ká ṣe sí ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà?

Ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Omi tó kán sílẹ̀ lábẹ́ iwájú, ọ́ìlì lábẹ́ àárín, epo bíréèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá: ojú ilẹ̀ ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́. Ẹ wọn omi àti ọ́ìlì, ẹ fẹ́ táyà ẹ̀yìn sí i nítorí ẹrù, ẹ gbọn fílítà afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ fílítà epo bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí ẹ bá ń dágbére, ẹ tan iná iwájú sára ògiri wò, kí ẹ sì gbéra kí aago méje tó lù.